Lẹ́tà Tí Ìyá Alápò Lọ Gbà ní Ìsẹ́yìn

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Agboyi. Bébà mẹ́ta ni, wọ́n fi ọ̀rá bò ó nítorí òjò. Orúkọ ìdílé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló wà níbẹ̀, àwọn tí wọn yóò kó kúrò létí odò lọ sí ilé tuntun lórí ilẹ̀ gíga lọ́nà Ìkòròdú, yàrá kan àti ilé ìdáná fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Godwin tó ń wa ọkọ̀ èrò wà níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin kan tó ti kú láti oṣù Kẹrin wà níbẹ̀. Orúkọ Ajarat Làmídì, tí gbogbo èbúté ń pè ní Ìyá Alápò, tó sì ti ń gbé etí odò yẹn fún ọdún mọ́kànlélógójì, kò sí níbẹ̀.

Kò mọ̀wé kà dáadáa. Godwin ló bá a kà á.

"Tún un kà."

Godwin tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ka ẹ̀yìn ẹ̀."

"Mama, ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ̀? Ògiri ló wà lẹ́yìn ẹ̀."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ìdì àpò rẹ̀ rù, ó sì lọ.

Èmi kò wá sí Agboyi nítorí rẹ̀. Ètò ìkónikúrò yìí ni mo wá yẹ̀ wò, nítorí pé mo ti rí irú rẹ̀ méjì tó parí sórí bébà. Ìgbìmọ̀ onílé ẹlẹ́ni méje ló fọwọ́ sí orúkọ tí wọ́n lẹ̀ náà, méjèèje ló sì wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́ta nínú wọn ń gbé lápá òkè níbi tí omi kì í dé. Ìyẹn ni mo wá kọ ìròyìn lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí obìnrin tó ní kí wọ́n ka ẹ̀yìn ìwé, mo tẹ̀ lé e.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń yára rìn. Iṣẹ́ àpò ni ó ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ni ó máa ń lọ sí Mile 12, yóò ra àpò tí wọ́n ti tú ẹ̀wà tàbí àlùbọ́sà inú rẹ̀ dà, èyí tó ya, èyí tí eku jẹ. Yóò fọ̀ ọ́ lódò, yóò sá a sórí okùn, yóò fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ojú ibi tó ya, yóò wá tà á padà fún àwọn tó ń di ata ránṣẹ́. Ohun tó ń jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn ni oníbàárà mìíràn ti dé, àwọn aládùúgbò rẹ̀ gan-an, tí wọ́n ń ra àpò láti rọ iyanrìn sí, kí wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà kí omi má baà wọlé.

Àpò ló fi ń wọn odò náà. Lọ́dún tí omi kọ́kọ́ wọ ilé wọn, ó ní ogún àpò tó yàrá kan. Nígbà tó ṣe, ó di ọgbọ̀n, ó di ogójì. Lọ́dún tó kọjá, òun nìkan lo ọgọ́jọ àpò, omi ṣì gun bẹ́ẹ̀dì. Mi ò ní ìwé tí mo lè fi yẹ ìṣirò yìí wò. Mo bi olùkọ́ yunifásítì kan tó mọ̀ nípa odò. Ó ní àkọsílẹ̀ gíga omi lápá ibẹ̀ kò pé, pé ọdún mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rárá. Ó dáa, mo mú ti àpò.

Ilé tó ń gbé jẹ́ ilé gígùn kan, yàrá mẹ́jọ tó tò tẹ̀lé ara wọn, ilẹ̀kùn gbogbo wọn kọjú sódò. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ṣùkúrù, tó máa ń mòòkùn sódò láti wa iyanrìn, ṣì wà láyé, kò sí èyí tó ṣófo. Ṣùkúrù kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí oṣù Kẹwàá bá ti dé tí wọ́n ṣí ìdídò omi lókè, tí odò sì wọlé, ẹnì kan yóò kó ẹrù rẹ̀. Tísà ló kọ́kọ́ lọ. Ìyá Tiwalọlá tẹ̀ lé e nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn. Àwọn ọmọ onílé ló ṣe ìkẹyìn, wọn kò sì wá gba owó ilé mọ́. Òun nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́jọ.

Ẹni tó bá rò pé yàrá tó ṣófo kò ní wàhálà kò tíì gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ògiri tó pààlà yàrá kan sí èkejì kò nípọn, omi ń gba ìdí rẹ̀ kọjá. Bí ó bá wọ yàrá Tísà lókè ọ̀hún, kò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni Ìyá Alápò ń to àpò sí. Mo jókòó wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ti ọdún yìí. Ó ń fi ọkọ́ kó iyanrìn, ó ń di ẹnu àpò, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ nítorí kò lè gbé e mọ́.

"Ti Tísà tán," ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Ó ku ti Ìyá Tiwalọlá. Obìnrin yìí, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ fẹ̀ jù."

Mo ní kí n bá a gbé ọ̀kan. Ó ní kí n má fi aṣọ ọ́fíìsì ṣeré.

Mo bi í ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi jáde. Ó ní òun mọ ìdí rẹ̀, pé ẹnu òun ló fà á.

Oṣù Kẹta, nígbà tí odò rọlẹ̀, ni àwọn tó ń kọ orúkọ wá. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatósìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń ti Mende wá síbi iṣẹ́, ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú táblẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ìyá Alápò wà nínú omi dé orúnkún, ó ń fọ àpò, ó ró ìró kan tó ti ṣá. Ọmọ náà yọjú sínú yàrá, ó wo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè, ó wo ibi tí omi fi ìlà sí lára ògiri.

"Mummy, ṣé ibí nìkan lẹ ní? Ṣé ẹ ò nílé síbòmíì ni?"

"Ojú tó fi wo yàrá mi yẹn," Ìyá Alápò sọ fún mi, "mi ò fẹ́ràn ẹ̀."

Ó bá dá a lóhùn. Ó ní kí ló dé tí òun kò ní nílé? Ó ní ilé bàbá òun wà ní Ìsẹ́yìn, pé wọ́n fi bíríkì kọ́ ọ, pé yàrá òun wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì rèé. Ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e sójú ọmọ náà. Olúwatósìn kí i kú orí ire, ó sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni".

Bí orúkọ rẹ̀ ṣe bọ́ nìyẹn, nítorí ẹni tó bá nílé níbòmíràn kò sí nínú ètò náà.

Mi ò lè bá a wí. Àwọn ará òkè tó wà ní Kétu àti Ìkòsí, wọ́n lè gbé yàrá kan fún ogójì ọdún, wọ́n á ṣì ní Èkó làwọn wà, ilé wà níbòmíràn. Ta ni yóò sọ fún àlejò pé òun kò ní ilé bàbá? Mo wá irú rẹ̀ kiri etí odò lọ́jọ́ kejì, mo rí mọ́kànlá tí wọ́n ṣe àṣìṣe yìí kan náà. Gbogbo wọn ló wá láti apá Ọ̀yọ́. Àwọn tó mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń wá dáhùn lọ́nà mìíràn.

"Èmi? Mo ní mi ò ní village," Godwin sọ fún wa níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Godwin kọ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. "I no get papa, I no get mama, na inside this water dem born me. Mama ní tiwọn, wọ́n lọ ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ṣakará!"

"Ìwọ tí o kọ́lé sí abúlé yín lọ́dún méjì sẹ́yìn," Ìyá Alápò wí.

"Ṣé wọ́n béèrè fótò ni?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Alápò lọ sí ọ́fíìsì ètò náà ní Ìkòsí. Olúwatósìn rántí rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ni, ó fi àga fún un.

"Mummy, ohun tí ẹ sọ ni mo tẹ̀. Ẹ ní ẹ nílé."

"Aunty, ta ni ò nílé?"

"Mummy, ètò yìí, fún àwọn tí ò nílé míì ni."

"Ọmọ èèyàn ni mí. Ṣé kí n la ẹnu kí n sọ fún ẹ pé wọn ò bí mi níbì kan ni?"

Olúwatósìn lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ọ̀nà kan wà. Kí olórí ẹbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn kọ lẹ́tà pé Ajarat Làmídì kò ní ilé tàbí yàrá níbẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé kí aago mẹ́rin tó lù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò ní gba orúkọ kankan mọ́.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló gbé ìlànà lẹ́tà yìí kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo béèrè pé lẹ́tà wo ni òkú oṣù Kẹrin mú wá tí orúkọ rẹ̀ fi jáde. Wọ́n ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn.

Ẹni tí wọ́n lé nílé nìkan ni wọ́n ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ìyá Alápò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rí Mọ́gàjí wọn, Bàbá Sàká, tó jẹ́ àbúrò bàbá òun, lójú inú òun bí ó ṣe dìde tó ń lu ilẹ̀ lọ́pàá, tó ń sọ pé èèwọ̀ ni, pé ọmọ kò lè máà ní yàrá nílé bàbá rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ń mí. Ó ní òun bẹ̀rù àbúrò òun Mutolib náà, pé yóò sọ pé òun tàbùkù ẹbí.

"Wọ́n máa nà yín, Mama," Godwin ń dá a lágara. "Baba yẹn máa fi ọ̀pá lé yín dé Ọ̀yọ́. Ẹ wọ bàtà tó dáa o."

Ó lo gbogbo ọjọ́rú láti fi ìbẹ̀rù yẹn rán àpò. Ọ̀nà mẹ́ta ló ronú pé òun yóò gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kà wọ́n fún mi, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan ni, "Ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀rọ̀ ìwé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú mi." Ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, bí ó ṣe ń gun bẹ́ẹ̀dì. Ìkẹta, yóò kúnlẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan títí wọn yóò fi ní kí ó dìde. Mo bi í èwo ló fẹ́ lò. Ó ní òun yóò wo ojú wọn ná.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó ra búrẹ́dì mẹ́ta ní Ọ̀jọ́tà, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ó sì wọ òmíràn ní Mọ́níyà. Mi ò bá a lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, àti ẹnu Mutolib lórí fóònù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti bára mu, n ó sọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni ó ti dé ilé kẹ́yìn, nígbà fìdáù bàbá wọn. Ìyàwó Mutolib, Súmbọ̀, ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy. Ta lẹ wá bá?"

Ìgbà tó dárúkọ ni Súmbọ̀ ju ọwọ̀ sílẹ̀ tó kúnlẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ní ó ti pẹ́ tí òun rí wọn kẹ́yìn. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Alápò ní kí òun kọ́kọ́ gbé báàgì sí yàrá òun. Súmbọ̀ dìde, ó sáré ṣíwájú, ṣùgbọ́n yàrá kò jìnnà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sí àgádágodo lára rẹ̀. Páálí bébà kún inú rẹ̀ dé àjà, ẹ̀rọ fọ́tòkópì kan tó ti bàjẹ́ wà láàrin.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bàbá Hidayat ló ní ká máa kó ọjà síbẹ̀ fúngbà díẹ̀."

"Kò sí nǹkan kan."

Mutolib, Bàbá Hidayat náà, ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà lábẹ́ ẹrù náà. Ìyá Alápò ní òun kò rí bẹ́ẹ̀dì.

Iwájú ilé náà ni Mutolib ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, ó ń ya fótò pélébé. Ó jáde sí i, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó bi í bí Èkó ṣe rí. Ìyá Alápò mú èkejì nínú ọ̀nà mẹ́ta rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Kò tíì dé orí bẹ́ẹ̀dì tí Mutolib fi gbọ́ ohun tó wá gbà.

"Ṣé lẹ́tà lásán ni, ẹ̀gbọ́n? Ẹ jókòó. Kò ní pẹ́."

Ìyá Alápò ní ìṣẹ́jú méje ni wọ́n fi kọ ọ́. Mutolib ní ó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí iná lọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Wọ́n jọ gbé e lọ bá Bàbá Sàká ní ẹ̀yìnkùlé. Àgbàlagbà náà ń jẹ nínú búrẹ́dì tó mú wá. Ìyá Alápò kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì. Ó ní òun ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n òun, nígbà tí Bàbá Sàká na ọwọ́ sí bébà.

"Ibo ni kí n tẹ̀?"

Mutolib fi hàn án. Ó ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì nu ọwọ́. Súmbọ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Wọ́n ní omi pọ̀ ní Èkó yín," Bàbá Sàká wí.

"Ó pọ̀, Bàbá."

"Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀."

Ó padà sídìí búrẹ́dì. Mutolib ní kí ó jẹ́ kí òun lu sítáńpù sí i kí ó lè níyì. Súmbọ̀ bi Ìyá Alápò bóyá kò ní sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí yóò sùn sí. Ó ní òun kò lè dúró. Wọn kò tíì pe ìrun Alásàrí tí ó fi wà nínú mọ́tò.

"Wọn ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Gbogbo ìdáhùn tí mo gbé lọ, mo gbé e padà."

Mo sọ fún un pé bóyá wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, pé kò sí bí wọn ìbá ṣe tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bóyá ni. Mi ò mọ̀ bóyá èmi gan-an gba ohun tí mo sọ gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, a dé ọ́fíìsì Ìkòsí ní nǹkan bí aago méjì. Èrò pọ̀. Àwọn mìíràn nínú àwọn mọ́kànlá wà níbẹ̀, kò ju mẹ́rin lọ. Àwọn yòókù sọ pé àwọn kò lè fi ẹnu ara àwọn béèrè irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tó jẹ́ ará Ṣakí, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ti sọ fún mi pé kàkà kí ọmọ òun rí irú ìwé yẹn lọ́jọ́ kan, kí omi gbé òun. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bákan náà ló ní ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń pè é lójoojúmọ́.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù kí ó tó kan Ìyá Alápò. Ìlànà wọn ni kí wọ́n ka lẹ́tà sókè sí ẹni tó mú un wá létí. Olúwatósìn kà á:

"A ń fi ìwé yìí sọ fún gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pé Ajarat, ọmọ olóògbé Làmídì, kò ní ilé, kò ní yàrá, kò sì ní ìpín kankan nínú dúkìá agboolé wa, nísinsìnyí àti títí láé."

"Ka ibẹ̀ yẹn."

"Èwo, Mummy?"

"Lẹ́yìn yàrá."

Olúwatósìn tún un kà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó gbójú sókè. "Mummy, a ò béèrè ìpín o. Ilé àti yàrá nìkan la béèrè. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Mi ò sọ ìpín."

Mo pe Mutolib lẹ́yìn náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ṣe dáadáa sí mi, ó pè mí ní ọ̀gá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé lẹ́tà tí kò bá le, ìjọba kò ní gbà á, pé ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun kọ ọ́ kó le. Ìyá Alápò ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo bi Mutolib bóyá wọ́n ti pín oko bàbá wọn. Ó ní òun kò gbọ́ mi dáadáa, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Èmi ń gbọ́ ọ kedere.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nínú ọ́fíìsì, kò sí Mutolib láti bi. Olúwatósìn fi bébà náà sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì.

"Mummy, tí mo bá ti gbé e wọlé, ó wọlé nìyẹn. Ẹ lè ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin la máa tì í."

Ìyá Alápò wo aago ara ògiri. Ó wo lẹ́tà. Àtàǹpàkò Bàbá Sàká hàn níbẹ̀ gbàgàdà, ó dúdú, ó sì mọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn wa pòṣé pé àwọn náà ní ilé tí àwọn fẹ́ lọ. Ó fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀, ó tún un wé, ó pẹ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà mẹ́jọ," ló sọ, bóyá fún mi, bóyá fún ara rẹ̀. "Mi ò lè to mẹ́jọ mọ́." Ó wá yíjú sí Olúwatósìn. "Tẹ̀ ẹ́ wọlé."

Wọ́n ya lẹ́tà náà ní fótò. Wọ́n ya òun náà. Orúkọ rẹ̀ jáde lójú táblẹ́ẹ̀tì, ìkẹtàdínlọ́gọ́rin, Olúwatósìn yí i sí i kí ó lè rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ku ẹyọ kan, Mummy. Ẹni tí a lè pè tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ sí yín. Ṣé kí n kọ Mutolib? Orúkọ wọn wà lára sítáńpù tó wà lórí lẹ́tà."

"Rárá."

"Ará ilé yín míì ńkọ́? Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé?"

"Èmi nìkan ni."

"Aládùúgbò yín ńkọ́? Bọ̀ọ̀dá ọlọ́kọ̀ tí wọ́n máa ń ṣàwàdà yẹn."

"Godwin ní wàhálà tiẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò ní kọjá o. Tí mi ò bá kọ nǹkan síbẹ̀, kò ní gbà."

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà tèmi sílẹ̀. Mi ò ṣe é. Oníròyìn ni mí, mo ní láti kọ ìròyìn lórí ètò náà, mo sì mọ̀ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ n ó ti wà níbòmíràn. Ìyá Alápò bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà kan, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, Olúwatósìn ń tẹ̀ ẹ́.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Àwẹ̀ró."

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Ará ilé mi ni."

Oríkì rẹ̀ ni Àwẹ̀ró, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí a jáde. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀; kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti bí ọgbọ̀n ọdún. Fóònù rẹ̀ kékeré sì ń lo síìmù méjì.

Olúwatósìn pe nọ́ńbà náà láti mọ̀ bóyá ó ń lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìlànà wọn. Inú báàgì tó wà lórí ẹsẹ̀ Ìyá Alápò ni ó ti dún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Ìyá Alápò kò wo báàgì náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ó sì ń wo ọmọbìnrin yẹn lójú.

Olúwatósìn jẹ́ kí ó dún ní ìgbà mẹ́rin.

"Ó ń lọ, Mummy," ó wí, ó sì gé e.